Shall àti Will: Bí Ọ̀rọ̀ Gbèsè àti Ọ̀rọ̀ Ìfẹ́ Ṣe Di Òfin Gírámà

Kò sí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí kò tíì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn bíi "He cans swim" tàbí "She must to go" rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́ kò ṣàdédé kọ ọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ pé bí olùwà bá jẹ́ ẹnìkẹta ẹyọ, kí ó fi s kún ọ̀rọ̀-ìṣe: he goes, she eats, it falls. Ó tẹ̀lé òfin, òfin sì já a kulẹ̀. Bí ó bá béèrè ìdí rẹ̀, èsì tí ó sábà máa ń gbà ni pé bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí. Èsì náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ìdí wà, ó sì ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ọ̀ràn yìí kàn kò pọ̀: can, may, must, shall, will, pẹ̀lú could, might, should, would àti ought. Ìwé gírámà pè wọ́n ní ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́, nítorí pé wọn kì í dá dúró. Ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ni wọ́n máa ń ràn lọ́wọ́ láti sọ ohun tí ó ṣeé ṣe, ohun tí a yọ̀ǹda, ohun tí ó di dandan àti ohun tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ní ayé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìyẹn èdè tí wọ́n sọ ní ilẹ̀ England kí àwọn ará Normandy tó gba ìlú náà ní 1066, wọn kì í ṣe ìránṣẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn nìkan. Olúwa ara wọn ni wọ́n. Cunnan, tí ó bí can, túmọ̀ sí kí ènìyàn mọ nǹkan. Magan, tí ó bí may, túmọ̀ sí kí ènìyàn ní agbára. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni might tí ó ń jẹ́ agbára títí dòní. Motan, tí must ti inú rẹ̀ jáde, jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n fún láyè. Agan, ìyá ought, jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní ohun ìní. Títí di ìgbà ayé Geoffrey Chaucer ní nǹkan bí 1390, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ṣì lè fi can sọ pé òun mọ èdè kan, láìfi ọ̀rọ̀-ìṣe kankan tẹ̀lé e, bí ọmọ Yorùbá ti máa ń sọ pé òun gbọ́ Faransé.

Ibi tí lẹ́tà s ti sọnù nìyí. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ àsìkò àná kí Gẹ̀ẹ́sì tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí èdè, nígbà tí òun àti Jámánì ṣì jẹ́ èdè kan náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iṣẹ́ kan ti parí, ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Ẹni tí ó bá sọ pé "ó ti rẹ̀ mí" kò sọ̀rọ̀ àná. Ara rẹ̀ ló ń rò lọ́wọ́lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ni ó fi sọ ọ́. Ẹni tí ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ní "ó ti pọ́n" ń sọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ṣe rí nísinsìnyí. Bákan náà ni ẹni tí ó ti wá mọ nǹkan di ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ àná wá di ọ̀rọ̀ òní, ṣùgbọ́n kò bọ́ aṣọ àná tí ó wọ̀, nínú aṣọ àná yẹn, ẹnìkẹta ẹyọ kò ní àfikún kankan lẹ́yìn. Ìdí tí kò fi sí cans tàbí mays nìyẹn. Will nìkan ni kò bá wọn jáde láti ilé kan náà. Ó kàn bá wọn rìn pẹ́ títí ó fi jọ wọ́n.

Nígbà tí wọ́n di ọ̀rọ̀ òní tán, wọ́n nílò ọ̀rọ̀ àná tuntun. Bí could, might, should àti would ṣe wáyé nìyẹn. Must àti ought náà jẹ́ ọ̀rọ̀ àná tuntun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tún padà di ọ̀rọ̀ òní, ìgbà kejì tí irú rẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kan náà. (Lẹ́tà l tí ó wà nínú could kò tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ síbẹ̀. Should àti would ni wọ́n ní l láti ìbẹ̀rẹ̀; àwọn akọ̀wé rò pé ó yẹ kí could náà jọ wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbàgbé l yẹn kò ṣe ohun tí àwọn baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe.)

Nínú gbogbo wọn, shall àti will ni ìtàn wọn gùn jù, àwọn náà ni wọ́n sì dá wàhálà sílẹ̀ jù.

Shall jẹ́ ọ̀rọ̀ gbèsè. Sculan ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ẹni tí ó bá lò ó ń sọ pé òun jẹ ènìyàn lówó. Nínú ìtumọ̀ Ìhìnrere Lúùkù sí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ní orí 16, níbi tí ìríjú ti ń bi àwọn onígbèsè léèrè iye tí wọ́n jẹ ọ̀gá òun, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n lò. Nínú èdè Jámánì òde òní, Schuld ni gbèsè, òun náà sì ni ẹ̀bi. Láti orí gbèsè owó ni ó ti bọ́ sórí gbèsè ìwà: ẹni tí ó jẹ ọba ní iṣẹ́, ẹni tí ó jẹ Ọlọ́run ní ìyìn. Orin ìyìn Cædmon ti ọ̀rúndún keje, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ewì Gẹ̀ẹ́sì tí ó pẹ́ jù lọ, lo ọ̀rọ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ níbẹ̀ ni ojúṣe ènìyàn, kì í ṣe ọjọ́ iwájú.

Will ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ẹni tí ó ní òun will nǹkan fẹ́ nǹkan náà ni. Báwo wá ni ìfẹ́ ṣe di ọjọ́ iwájú? Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ó mú ìdáhùn dání. Nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú, àgbà á ní òjò fẹ́ rọ̀. Òjò kò ní ọkàn, kò lè fẹ́ nǹkan kan. Ògiri tí ó fẹ́ wó kò pinnu láti wó. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ṣe nǹkan máa ń ṣe é láìpẹ́, nítorí náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ohun tí ó kù díẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀, títí ó fi dé orí ohun tí kò ní ọkàn. Ọ̀nà tí will gbà nìyẹn, àyàfi pé will rìn jìnnà ju fẹ́ lọ; ó fi ìfẹ́ sílẹ̀ fún want, ó sì mú ọjọ́ iwájú fún ara rẹ̀.

Bí a bá wo àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá yòókù, ìrìn àjò kan náà ni. Ní láti, tí ń sọ ọ̀ranyàn, bẹ̀rẹ̀ láti ara ní, ọ̀rọ̀ ohun ìní, gẹ́gẹ́ bí ought ti bẹ̀rẹ̀ láti ara agan. Gbọdọ̀ tí ó ń sọ dandan lónìí ṣì máa ń sọ ìgboyà nínú ìbéèrè: "Ta ló gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀?" Ẹni tí ó béèrè èyí kò wá ẹni tí ó di dandan fún, ẹni tí ó láyà ni ó ń wá. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá ń sọ fún kíláàsì rẹ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ṣàjèjì pátápátá sí ọmọ Yorùbá kò tíì fetí sí ẹnu ara rẹ̀ dáadáa.

Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kò ní àsìkò ọjọ́ iwájú. Òní àti àná nìkan ni ó ní. Nígbà tí Ælfric, mọ́ńkì kan tí ó kọ ìwé gírámà Látìn fún àwọn ọmọdé ní nǹkan bí ọdún 1000, fẹ́ ṣàlàyé ọjọ́ iwájú Látìn, kò fi shall tàbí will ṣe é. Ọ̀rọ̀ òní ni ó lò, ó wá fi ọ̀rọ̀ àkókò kún un, kí ọmọ lè mọ̀ pé nǹkan náà kò tíì ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn John Wycliffe ń túmọ̀ Bíbélì láti inú Látìn ní àwọn ọdún 1380, nǹkan ti yí padà. Shall ni wọ́n sábà máa ń fi gbé ọjọ́ iwájú Látìn, wọ́n sì fi will sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ Látìn tí ó ń sọ ìfẹ́. Bíbélì ni àwọn ènìyàn ń kà, Bíbélì ni wọ́n ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, shall sì gba ohùn ìwé mímọ́. Lẹ́nu ọjà àti lórí ìtàgé, will ni ó ń gbilẹ̀.

Ní 1653 ni ọkùnrin kan wá là wọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni John Wallis, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Oxford, ẹni tí ó kọ́kọ́ lo àmì ∞ fún ohun tí kò lópin ní 1655. Ó kọ ìwé kan nípa gírámà Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ ọ́ ní èdè Látìn, nítorí pé àwọn àjèjì tí ó fẹ́ ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ní lọ́kàn. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé ní ẹnìkínní, shall ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lásán, will sì ń ṣèlérí tàbí ń halẹ̀. Ní ẹnìkejì àti ẹnìkẹta, kí wọ́n yí i padà: will ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lásán, shall sì ń ṣèlérí tàbí ń halẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ti dọ́gba yìí dùn mọ́ ọkàn onímọ̀ ìṣirò, ó sì ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú: ẹni tí ó bá ń sọ ìfẹ́ ara rẹ̀ ń pinnu, ẹni tí ó bá sì di gbèsè lé ẹlòmíràn lórí ń pàṣẹ fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ láti ran àlejò lọ́wọ́ ni ó padà di pàṣán fún ọmọ onílé. Robert Lowth gbà á wọ inú ìwé rẹ̀ ní 1762. Lindley Murray, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó wá ń gbé nítòsí York, gbà á ní 1795, ìwé Murray sì dé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó pọ̀ ní Britain àti ní Amẹ́ríkà.

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ ni àwọn ará Scotland àti Ireland, nítorí pé will ni wọ́n ń lò níbi tí ìwé ti ní shall. David Hume, ọlọ́gbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kàn jákèjádò Yúróòpù, jẹ́ ọmọ Scotland. Ó kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń tú àṣírí àwọn ará ìlú rẹ̀ jọ ní 1752, will sì wà nínú wọn. Àwọn onígírámà wá ní àpárá kan tí wọn kò dẹ́kun sísọ: ọmọ Scotland kan jábọ́ sínú omi, ó ké pé "I will drown, and nobody shall save me," àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà létí omi sì gbọ́ ọ pé ó ti pinnu láti kú, ó sì ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má yọ òun. Wọ́n wò ó títí ó fi rì. Àpárá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi irú ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tí kò bí sí ìlú London hàn. Nígbà tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Fowler kọ The King's English ní 1906, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ojú ìwé ṣàlàyé òfin yìí, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé ẹni tí a kò bí mọ́ ọn lápá gúúsù England kò lè rọrùn fún un láti mọ̀ ọ́n. Òfin tí ó jẹ́ pé ìbí ni a fi ń kọ́ ọ, ṣé òfin ni?

Ní Èkó, ọ̀ràn náà kì í ṣe àpárá. Ní oṣù kẹjọ 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Prometheus lójú omi ọ̀sà, Ọba Dòsùnmú fi àmì àgbélébùú sí àdéhùn tí ó fi Èkó lé ọba obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Nínú àdéhùn náà, ibi tí wọ́n ti sọ nípa oyè ọba tí ó ṣì lè jẹ́ àti ẹjọ́ tí ó ṣì lè dá láàárín àwọn ọmọ Èkó, will ni wọ́n lò: wọn yóò gbà á láyè. Ibi tí wọ́n ti ṣèlérí owó ọdọọdún tí wọn yóò máa san fún un, shall ni. Ibi tí wọ́n ti sọ ìgbà àti ọ̀nà tí wọn yóò fi máa san án, may ni. Ìyẹn ni pé àwọn tí ó kọ ìwé ni yóò pinnu rẹ̀ tí ó bá yá. Ní ojú ìwé Wallis, àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Shall di gbèsè lé ẹni tí ó sọ ọ́ lórí, may kò di nǹkan kan lé ẹnikẹ́ni. Ní Yorùbá, yóò ni yóò gbé shall, yóò náà ni yóò gbé will. Bí ògbufọ̀ tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ délẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kúkúrú kan lẹ́nu rẹ̀ tí ó lè fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn ọba. Àfi kí ó dúró, kí ó ṣàlàyé. Kò pẹ́ tí Dòsùnmú fi kọ̀wé pé kì í ṣe ìfẹ́ inú òun ni òun fi fọwọ́ sí i. Ní 1862 ni wọ́n dá owó rẹ̀ sí 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ lọ́dún.

Ó yẹ kí á fi èyí wé iṣẹ́ àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì, nítorí pé wọ́n bá ìṣòro kan náà pàdé, wọ́n sì ní àkókò láti ronú sí i. Nínú Òfin Mẹ́wàá, Bíbélì Ọba James ti 1611 fi shalt not sọ ohun tí Ọlọ́run kọ̀. Ẹni tí ó bá wo ọ̀rọ̀ náà lásán lè fi kì yóò túmọ̀ rẹ̀, ìyẹn á sì di àsọtẹ́lẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá tí ó jáde lódindi ní 1884, iṣẹ́ tí Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ òpó rẹ̀, kò gbọdọ̀ ni wọ́n fi sí i. Wọ́n mú ìkọ̀sílẹ̀, wọ́n fi àsọtẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ìpinnu wọn sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí kò gbọdọ̀ fi ní ohùn òfin lẹ́nu Yorùbá títí dòní, nílé, ní ilé-ẹ̀kọ́ àti lára ògiri tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí. Nínú àdéhùn Èkó, kò sí ẹni tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí fún Dòsùnmú nínú ìwé tí ó fọwọ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìwé náà sọ.

Ní 1925, Charles Fries, onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ohun tí kò sí ẹni tí ó rò ó ṣe dáadáa ṣáájú rẹ̀: ó kó àwọn eré oníṣe Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ogún, ó sì ka shall àti will inú wọn. Òfin Wallis kò bá ohun tí ó rí mu. Ní ẹnìkínní pàápàá, will ni ó pọ̀ jù. Etí àwọn ènìyàn náà kò gba òfin ọ̀hún gbọ́. Nígbà tí ọ̀gágun Douglas MacArthur dé Australia ní oṣù kẹta 1942, lẹ́yìn tí ó ti fi Philippines sílẹ̀ fún àwọn ará Japan, shall ni ó fi sọ pé òun yóò padà síbẹ̀. Ìwé gírámà á ní ó kàn ń sọ ohun tí ń bọ̀. Gbogbo ayé gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ́. Orin We Shall Overcome náà rí bẹ́ẹ̀. Will ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tábà ní Charleston ń fi kọ ọ́ ní 1945 sí 1946. Ọ̀kan nínú Pete Seeger àti Septima Clark ni ó sọ ọ́ di shall. Seeger fúnra rẹ̀ kò dá a lójú èwo nínú àwọn méjèèjì. Kì í ṣe Wallis ni wọ́n rò. 

Ní Nàìjíríà, kì í ṣe shall ni ó ń yọ olùkọ́ lẹ́nu mọ́, would ni. "The meeting would hold tomorrow" wà lára pátákó ìkéde àti nínú ìwé ìpè níbi púpọ̀. Ó jọ pé ẹni tí ó kọ ọ́ ti ṣàkíyèsí pé would ni àwọn ọmọlúàbí máa ń fi tọrọ nǹkan, ó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun náà ní ọ̀wọ̀. Èrò rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n would ń fi ohun tí a sọ sí abẹ́ bí-ó-bá-rí-bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá kà á níbòmíràn á máa retí kí wọ́n sọ ohun tí yóò dí ìpàdé náà lọ́wọ́. Àlàyé yìí wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ ju ìlà pupa lọ.

Shall ṣì wà nínú òfin ìjọba, níbi tí gbèsè rẹ̀ àtijọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ìṣòro ni pé àwọn akọ̀wé òfin ti lò ó fún àṣẹ, fún àyè, fún ọjọ́ iwájú àti fún ọ̀ṣọ́ lásán. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbà ní 1995 pé nígbà mìíràn, ohun tí ẹni tí ó kọ shall ní lọ́kàn ni may. Ìwé òfin ìgbà díẹ̀ ti South Africa ní 1993 kún fún shall; nígbà tí wọ́n kọ èyí tí yóò dúró ní 1996, kí ará ìlú lè kà á kó sì yé e, must ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 2007, Amẹ́ríkà yọ shall kúrò nínú ìlànà ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Nínú òfin Nàìjíríà ti 1999, shall wà láti apá kìn-ín-ní títí dé òpin. Bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ lọ síwájú adájọ́, ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí ó lè kọ́kọ́ dìde ni bóyá shall tí ó wà níbẹ̀ pàṣẹ, tàbí ó kàn ń tọ́ni sọ́nà.